Ipasẹ̀ Teju Lórí Iyọ̀

Ó di ọjọ́ kejìlá tí ìyá rẹ̀ kú kí Teju tó bá mi sọ ọ̀rọ̀ tó ju "ẹ káàárọ̀" àti "mo ti jẹun" lọ. Ìdí ààrò ni mo wà, mò ń fi àtẹ́lẹwọ́ na ìyẹ̀fun jéró di rotla, àkàrà pẹlẹbẹ tí à ń jẹ lójoojúmọ́, nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi bẹ Bapu. Kí wọ́n jẹ́ ká lọ sí Kharabet."

Mo yíjú padà. "Kharabet wo? Ibi tí àwọn ará ìlú ńlá ti ń gun orí ọkọ̀ ogun tó ti dípẹtà ya fọ́tò?"

"Ibẹ̀ náà ni."

"Kí lo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

"Mo fẹ́ da omi sílẹ̀ fún ìyá mi. Wọ́n ní téèyàn bá gun òkè ilé ìwòran yẹn, èèyàn á rí ilẹ̀ wa."

Ilẹ̀ wa tó wí yẹn, òdìkejì ààlà ni. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi ni Teju, ṣùgbọ́n abúlé kan ní ìhà Pakistan ni wọ́n bí i sí. Kí ẹnikẹ́ni tó fa ìlà sáàárín aginjù iyọ̀ yìí ni ìdílé wọn àti ìdílé wa ti ń fẹ́ ara wọn. Bí ẹyẹ bá fò kúrò lórí òrùlé wọn láàárọ̀, á bá wa jẹun ọ̀sán. Àmọ́ nígbà tí à ń gbé Teju bọ̀ wálé ọkọ ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, rélùwéè méjì, bọ́ọ̀sì mẹ́ta àti odidi ọjọ́ mẹ́rin ló gbà wá. Kò tíì padà síbẹ̀ láti ìgbà náà. Ìwé ọdọọdún ló fi ń gbé lọ́dọ̀ wa. Bó bá jáde, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé yóò wọlé mọ́. Nígbà tí àìsàn ìyá rẹ̀ le, a kọ̀wé pé kí wọ́n jẹ́ kó lọ kó sì bọ̀. Wọ́n ní ká mú ìwé mìíràn wá. A mú un wá, wọ́n ní òǹtẹ̀ rẹ̀ ò hàn. Òǹtẹ̀ la ń wá kiri tí ìyá fi kú. Orí fóònù ni Teju ti gbọ́. Ó ń pe "Ìyá, Ìyá," ẹlòmíràn ló dá a lóhùn.

Nítorí náà mo nu ọwọ́ mi, mo lọ bá Bapu.

Bàbá ọkọ wa ni Bapu, Khengarsinh lorúkọ wọn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ṣe pagi fún àwọn sójà ààlà, ìyẹn ẹni tó ń ka ipasẹ̀ lórí ilẹ̀ bí ẹni ń ka ìwé. Wọ́n á wo ẹsẹ̀ ràkúnmí, wọ́n á ní ẹni tó gùn ún ti sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́nà. Wọ́n á wo ẹsẹ̀ àgùntàn, wọ́n á ní ó ku ọjọ́ mẹ́ta kó bímọ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti to ìjókòó sí Kharabet, tí àwọn sójà ń yan lójú àlejò nírọ̀lẹ́, Bapu ò dé ibẹ̀ rí. "Ibi tí mo ti fi ejìká gbé òkú," ni wọ́n máa ń wí, "mi ò lè lọ jẹ gúgúrú níbẹ̀."

Mo fa ìborí bojú, mo dúró sẹ́yìn òpó, mo jíṣẹ́ Teju. Nílé tiwa, ìyàwó kì í ṣí ojú sí bàbá ọkọ. Ó pé ogún ọdún tí mo ti ń se oúnjẹ fún Bapu, wọn ò sì mọ̀ bóyá imú mi gùn ni àbí ó pẹ̀.

Wọ́n mu sìgá wọn dé ìdajì kí wọ́n tó fèsì.

"Nítorí ìyá rẹ̀ ni?"

"Nítorí ìyá rẹ̀ ni, Bapu."

"Sọ fún Juvansinh kó wá ọkọ̀."

Juvansinh ni ọkọ Teju. Ilé iṣẹ́ táìlì ló ń bá ṣiṣẹ́ ní Morbi, ó wálé fún àjọ̀dún tí wọ́n ti ń ju káìtì oníbébà sókè. Ọkọ tèmi kò sí nílé, ó wa ọkọ̀ ẹrù lọ sí gúúsù. Nígbà tí mo sọ fún Juvansinh, ẹnu yà á.

"Bapu fúnra wọn? Bhabhi, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ẹ lọ wò ó fún mi bóyá ìwọ̀-oòrùn loòrùn ti yọ lónìí."

"Wá ọkọ̀ lọ, aláwàdà. Ìyàwó rẹ ló ń ṣọ̀fọ̀."

Ó lọ yá jíìpù aládùúgbò wa.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo rí Teju tó ń di irun ọmọ rẹ̀, Kesar, ọmọ ọdún mẹ́rin. Ó dì í tán, ó tú u, ó tún un dì. Ìgbà tó tú u lẹ́ẹ̀kẹta, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo fẹ́ béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀. Mi ò béèrè. Mo ní inú ọ̀fọ̀ kọ́ ni wọ́n ti ń bi èèyàn léèrè ohun gbogbo. A fi Kesar sọ́dọ̀ ìyá olójúlé kejì, a gbéra.

Ẹ̀yìn oúnjẹ ọ̀sán la kúrò nílé. Títì gba àárín Rann, aginjù iyọ̀ náà, kọjá tààrà, iyọ̀ lọ́tùn-ún, iyọ̀ lósì, funfun débi pé ojú ń ta èèyàn. Ní ọ̀gangan ibì kan, a rí agbo kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ igbó, bí ogún. Wọn ò jẹko, wọn ò sáré fún ọkọ̀. Gbogbo wọn kọjú sí ibì kan ṣoṣo, wọ́n na etí sókè. Bapu ní kí Juvansinh dúró. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n fi ọ̀pá wọn gún ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ọ̀pá wọlé dé ìdajì láìjanpata.

"Òjò pẹ́ kó tó lọ lọ́dún yìí," ni wọ́n wí bí wọ́n ti ń wọlé padà. "Iyọ̀ yìí ò tíì jinná. Òkè rẹ̀ le bí èèpá, abẹ́ rẹ̀ ṣì jẹ́ ògì."

Teju jókòó tì mí lẹ́yìn ọkọ̀, ó di kòkò idẹ kékeré mú lábẹ́ ìborùn rẹ̀. Mò ń gbọ́ bí omi inú rẹ̀ ti ń mì.

Ní ẹnu géètì Kharabet, wọ́n ń gba ìwé ìdánimọ̀ lọ́wọ́ gbogbo èèyàn. Mo mọ ìwé tí Teju ní. Mo sì mọ̀ pé bí wọ́n bá ka ìlà àkọ́kọ́ ibẹ̀, wọn ò ní jẹ́ kó kọjá, bóyá wọn ò tiẹ̀ ní jẹ́ kó padà sílé. Juvansinh náà mọ̀. Mo rí i bó ti ń nu àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ṣòkòtò. Sójà kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun yọjú wo iwájú ọkọ̀. Ló bá dúró ṣánṣán, ó kí Bapu ní ìkíni ológun.

"Pagi Bàbá! Ẹ̀yin rèé? Mo rò pé ẹ ti kú ni."

"Mo ń palẹ̀ mọ́ lọ́wọ́," ni Bapu wí.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó gba ìwé Bapu àti ti Juvansinh, ó fẹ́ yọjú sẹ́yìn. "Àwọn wo nìwọ̀nyí?"

"Àwọn ìyàwó ilé mi ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn tó. Ó wo ìborí wa méjèèjì, ó gbé ojú kúrò, ó gbé igi ọ̀nà sókè. Bapu ò wẹ̀yìn. Àmọ́ mo rí ẹ̀yìn ọrùn wọn, ó ti le bí igi.

Kharabet kún. Àwọn ará Ahmedabad ti kó ọmọ àti ìyá wá, wọ́n ń ra tíì, wọ́n ń ra fìlà sójà fún ọmọ wọn. Ilé ìwòran gíga wà ní ìparí, irin ni wọ́n fi ṣe é, àtẹ̀gùn rẹ̀ ń dún. Lókè rẹ̀, awò awọ̀nàjíjìn kan wà lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, èèyàn ń tò láti fojú sí i. Nígbà tó kan Teju, ó ká ìborí rẹ̀ sókè díẹ̀, ó fojú sí awò, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Ó pẹ́. Ọkùnrin kan lẹ́yìn wa bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

"Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ rà á ni? Ẹ bi wọ́n ní iye owó rẹ̀!"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Mo yíjú sí i. "Bí ìwọ bá kánjú, oòrùn ò kánjú. Fara balẹ̀."

Teju kúrò nídìí awò. Mo bi í pé kí ló rí.

"Wáyà. Lẹ́yìn wáyà, iyọ̀. Lẹ́yìn iyọ̀, iyọ̀." Ó fa ìborí bojú padà. "Kò yàtọ̀ sí tiwa, Ẹ̀gbọ́n mi. Kò yàtọ̀ rárá."

Ó mú kòkò idẹ jáde, ó fẹ́ da omi náà láti ibẹ̀. Sójà obìnrin kan tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ nawọ́ dá a dúró. Ọmọdébìnrin ni, ó dúdú, èdè wa ń wúwo lẹ́nu rẹ̀; ó hàn pé ọ̀nà jíjìn ló ti wá. Bhanumati ni wọ́n kọ sí àyà aṣọ rẹ̀.

"Ẹ má bínú, ma. Wọn ò gba kí wọ́n da ohunkóhun sílẹ̀ láti òkè. Àwọn ará ibẹ̀ yẹn náà ní awò, wọ́n ń wò wá."

Teju bo kòkò padà. Kò jà, kò bẹ̀bẹ̀. Bó bá tiẹ̀ sunkún ni, ọkàn mi ì bá balẹ̀.

Oòrùn ti rẹlẹ̀ nígbà tí ayẹyẹ bẹ̀rẹ̀. A jókòó sí ìlà kẹta, Bapu àti Juvansinh ní ìhà ọkùnrin, èmi àti Teju ní ìhà obìnrin. Àwọn sójà jáde, bàtà wọn ń gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìró rẹ̀ ń gba abẹ́ ìjókòó wọnú eegun wa. Àwọn ràkúnmí tí wọ́n ti wọ̀ láṣọ tẹ̀lé wọn. Ọkùnrin kan di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú, ó ń sáré síwá sẹ́yìn.

"Ohùn yín kéré! Ṣé ẹ ò jẹun ni? Ẹ pariwo, kí wọ́n gbọ́ wa lọ́hùn-ún!"

Gbogbo èèyàn pariwo. Ó ní kí wọ́n tún pariwo. Àwọn ọmọ kékeré dìde dúró lórí ìjókòó, wọ́n di ìkúùkù. Teju fi ẹnu kàn mí létí.

"Mo fẹ́ lọ tọ̀."

"Jẹ́ kí n bá ọ lọ."

"Ẹ jókòó. Bí ẹ bá dìde, wọ́n á gba àyè wa." Ó tú ìborùn rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí àyè rẹ̀, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ lọ.

Mo jókòó. Ọlọ́run ló mọ ìdí tí mo fi jókòó. Àwọn sójà yan lọ, wọ́n yan bọ̀. Ràkúnmí wólẹ̀, ràkúnmí dìde. Mo wo ìborùn, mo wo ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n ń tò yí òpó àsíá ká, mo mọ̀ pé kò sí ìtọ̀ kankan tí í pẹ́ tó yẹn. Mo lọ sẹ́yìn ìjókòó. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mẹ́fà, mo kan gbogbo wọn. Méjì ṣófo, mẹ́rin dá mi lóhùn, kò sí Teju níbẹ̀.

Mo sáré lọ sí ìhà ọkùnrin. N ò rántí bóyá mo fa ìborí bojú tàbí n ò fà á. "Bapu, Teju ò sí mọ́."

Juvansinh fò dìde, ó ń na ọrùn kiri. Bapu ò wo ẹnikẹ́ni. Wọ́n dìde, wọ́n rìn lọ sẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ ló ti tẹ ibẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Bapu ń rìn láàárín wọn bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́, wọ́n yà sọ́tùn-ún, wọ́n yà sósì, títí wọ́n fi dúró.

"Òun nìyí. Gìgísẹ̀ ọ̀tún wọlé ju tòsì lọ. Etí òde bàtà rẹ̀ kì í kanlẹ̀."

"Bapu, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé òun ni?" Juvansinh ló béèrè.

"Ọdún mẹ́fà ló ti ń gba àgbàlá mi kọjá láti lọ pọnmi láàárọ̀. Ojú rẹ̀ nìkan ni n ò rí rí."

Ipasẹ̀ náà gba abẹ́ okùn kan kọjá. Àsíá pupa kéékèèké ni wọ́n so mọ́ okùn yẹn, pátákó kan sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ya agbárí òkú sí. Lẹ́yìn okùn, bàtà Teju wà nílẹ̀, ó tò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ wọ ilé òrìṣà. Lẹ́yìn bàtà, ẹsẹ̀ lásán ló lọ tààrà sí ìwọ̀-oòrùn.

"Kò sáré," ni Bapu wí. "Ẹ wo bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti jìnnà síra wọn. Ó ń rìn bí ẹni ń lọ sílé."

Bhanumati ló kọ́kọ́ rí wa, òun ló sì lọ pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá náà dé, inú rẹ̀ ò dùn, bọ́tìnnì rẹ̀ ń dán. "Ayẹyẹ ń lọ lọ́wọ́. Ta ló ní kí ẹ dé ibí?"

"Ìyàwó mi wà nínú ibẹ̀ yẹn!" ni Juvansinh kígbe.

Ọ̀gá gbé awò sójú. Mo ń wo ẹnu rẹ̀. Ẹnu náà kọ́kọ́ ń kùn, lẹ́yìn náà ó dákẹ́, ó wá gbẹ. Èmi náà ti rí i láìlo awò: àmì pupa kan lórí funfun, kékeré bí ẹ̀jẹ̀ abẹ́rẹ́, kò jìnnà sí wáyà.

"Wọ́n ri àdó olóró mọ́ ibẹ̀ yẹn lọ́dún kan," ni ọ̀gá wí. Kò pariwo mọ́. "A wú wọn. Ṣùgbọ́n omi Rann ti gbé àwọn míì lọ sí ibi tá ò mọ̀. Àwa gan-an kì í gba ibẹ̀." Ó yíjú sí Juvansinh. "Ìwé rẹ̀ dà?"

Ayẹyẹ ń dún lẹ́yìn wa.

"Mo ní ìwé rẹ̀ dà? Ọmọ ibo ni?"

Bapu fi àgbọ̀n tọ́ka sí ìwọ̀-oòrùn. "Ọmọ ọ̀hún ni. Èmi ni mo mú un wọlé. Ọ̀rọ̀ mi ni sójà ẹnu géètì gbà gbọ́."

Ọ̀gá dijú, ó lajú. Ẹ̀rọ tó wà léjìká rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ fatafata. Ó gbọ́ ọ tán, ó sọ fún wa, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀: "Àwọn ará ibẹ̀ ti rí i. Méjì ti sọ̀ kalẹ̀ látorí ilé ìṣọ́ wọn. Àwọn tèmi náà ti kọjú ìbọn síbẹ̀. Bí ó bá fọwọ́ kan wáyà..."

Bapu ti bọ́ bàtà. "Èmi ni mo máa lọ."

"Bàbá, ẹ ò lè lọ. Òfin ò gbà."

"Ọ̀gá, ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ tí kò bú gbàmù, ẹsẹ̀ tèmi náà á tẹ̀ ẹ́. Ẹlòmíràn wo lẹ ní níbí tó lè rí gbogbo ẹsẹ̀ yẹn lójú alẹ́?"

"Sà," ni Bhanumati wí, "oòrùn ń lọ."

Ọ̀gá wo òpó àsíá. "Bí àsíá bá balẹ̀, iná ńlá á tàn ní ìhà méjèèjì. Lẹ́yìn iná, n ò lè pàṣẹ fún ìka ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ padà kí àsíá tó balẹ̀."

Juvansinh fẹ́ tẹ̀lé bàbá rẹ̀. Sójà méjì gbá a mú. Bapu gba abẹ́ okùn, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, wọ́n gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sínú ipasẹ̀ Teju àkọ́kọ́, wọ́n gbé tòsì sínú èkejì.

Ìgbà tí wọ́n rìn dé bí ogójì ìṣísẹ̀, àwọn tó jókòó lókè rí wọn. Mo gbọ́ tí ariwo yí padà. Àwọn èèyàn ń nawọ́. Bàbá àgbàlagbà, láwàní funfun ńlá, ó ń dá rìn lọ lórí iyọ̀ bí oòrùn ti ń wọ̀. Wọ́n rò pé ó wà lára ìran ni. Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, gbogbo wọn gbà á. Wọ́n gbé fóònù sókè.

"Ẹ wo bàbá yẹn! Ó ga o!"

"Ràkúnmí ò dùn tó èyí!"

Bhanumati di ọrùn ọwọ́ mi mú. Èékánná rẹ̀ ń wọ̀ mí lára, n ò sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí bí kò bá dì mí mú, mi ì bá ti sọ òkúta lu àwọn èèyàn yẹn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ẹnu Teju ni mo ti gbọ́ ọ lẹ́yìn náà. Ó ní òun fẹ́ rìn kọjá okùn díẹ̀ ni, kí òun da omi, kí òun padà. Àmọ́ nígbà tí òun dé ibẹ̀, ibẹ̀ ò tó. Òun rìn díẹ̀ sí i, kò tó. Ẹsẹ̀ ló ń gbé òun lọ. Ìgbà tó ku bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí wáyà ni iyọ̀ já lábẹ́ òun, ẹrẹ̀ gbé òun mì dé orúnkún. Ibẹ̀ ló ti da omi náà, ó pe orúkọ ìyá rẹ̀, ó wá rí i pé ẹsẹ̀ òun ò jáde mọ́. Ó ń gbọ́ ariwo ayẹyẹ lọ́wọ́ ẹ̀yìn, ó ń rí sójà méjì níwájú. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ikọ́.

Ẹ mọ ikọ́ yẹn. Ikọ́ tí bàbá ọkọ máa ń wú lẹ́nu àgbàlá, kí àwọn ìyàwó lè fa ìborí kó tó wọlé. Lórí iyọ̀ yẹn, láàárín ìbọn ìhà méjèèjì, Bapu dúró, wọ́n wúkọ́. Teju sì fa ìborí bojú.

"Ìyàwó, ṣé o ti da omi náà tán?"

"Mo ti dà á tán, Bapu."

"Ìyá rẹ ti mu ún. Ó tó."

"Ẹ padà, Bapu. Ẹsẹ̀ mi ò jáde. Ẹ má jẹ́ kó gbé ẹ̀yin náà."

"Mi ò bi ọ́ ní ti ẹsẹ̀."

Wọ́n tú láwàní wọn. Aṣọ gígùn ni, ó lè yí òrùlé ká. Wọ́n ju ìdí rẹ̀ sí i, wọ́n ní kó so ó mọ́ ìbàdí, kó dojú bolẹ̀ lórí iyọ̀ bí ẹni ń lúwẹ̀ẹ́, kó má jà. Wọ́n fà á. Ẹrẹ̀ ò fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀. Wọ́n fà á títí ẹsẹ̀ kan fi jáde, tí èkejì tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kó máa lọ níwájú, kó máa gbé ẹsẹ̀ sínú ẹsẹ̀ tó tẹ̀ wá, àwọn á máa wò ó lẹ́yìn. Nígbà tó bá fẹ́ ṣì í, wọ́n á ní, "Rárá. Òsì díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni."

Láti ibi tí a wà, àmì pupa àti àmì funfun là ń rí, tí wọ́n ń bọ̀. Àwọn tó ń wòran ṣì ń pàtẹ́wọ́. Fèrè ogun dún. Àsíá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe é. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé aṣọ lè sáré sọ̀ kalẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ń sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ rẹ̀, "Ẹ dúró, ẹ dúró, mo ní kí ẹ dúró." Àsíá balẹ̀. Iná tàn níhà tiwa. Iná tàn lọ́hùn-ún. Ìbọn kan dún.

Ẹ̀ẹ̀kan péré. Títí di òní, kò sẹ́ni tó sọ fún wa ìhà tó ti dún. Ariwo àwọn èèyàn kú lójijì bí ẹni fi omi pa iná, ọmọ kan ṣoṣo ló ń sunkún lókè ìjókòó. Ojú mi ń wá àmì méjèèjì nínú iná funfun yẹn, n ò rí wọn, n ò rí wọn, mo wá rí Teju tó ń jáde, ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lára títí dé àyà. Bapu wà lẹ́yìn rẹ̀, orí wọn ṣí sílẹ̀. N ò tíì rí irun Bapu rí. Ó kù díẹ̀, ó funfun, atẹ́gùn ń gbé e.

Inú afẹ́fẹ́ ni ìbọn náà lọ. Kò ba ẹnikẹ́ni.

Wọn ò jẹ́ ká fọwọ́ kan Teju. Wọ́n gbé òun àti Juvansinh sínú ọkọ̀ tí wọ́n fi tapólì bò. Ọ̀gá ní kí Bapu mú báàjì wọn àtijọ́ wá, èyí tí wọ́n máa ń fi sí abẹ́ ẹ̀wù. Bapu yọ ọ́, wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Sójà onírùngbọ̀n tó jẹ́ ká wọlé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì nígbà tí à ń lọ. Wọ́n ti gba bẹ́líìtì rẹ̀. Kò kí Bapu mọ́. Bapu gan-an ò gbójú sókè wò ó.

Ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n fi bi Teju léèrè. Ta ló rán an? Kí ló wà nínú kòkò idẹ? Kí ni ìtumọ̀ orúkọ tó pè? Ìyá rẹ̀ ni, ó wí. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n tún bi í. Nígbà tí wọ́n fi í sílẹ̀, ìwé tuntun tẹ̀lé e: kò gbọdọ̀ gbé nítòsí ààlà mọ́. Juvansinh, tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi sílẹ̀, wá mú un, wọ́n mú Kesar, wọ́n lọ sí Morbi. Ìwé tí a ti fi ọdún mẹ́fà tò jọ, wọ́n ní ká tún un bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

Òtútù ẹrẹ̀ yẹn ti mú Bapu láyà. Wọ́n ń wúkọ́ gidi báyìí, kì í ṣe ti ẹnu àgbàlá.

Lẹ́yìn àjọ̀dún ìkórè ni mo lọ wo Teju. Yàrá kan ni wọ́n ń gbé, eruku táìlì bo ohun gbogbo. Ó se tíì fún mi. Ibẹ̀ ló ti rò fún mi gbogbo ohun tí mo ti rò fún yín, ohun kan ló sì fi kún un.

"Ọ̀kan nínú àwọn sójà ọ̀hún, Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọdé ni. Ó ti gbé ìbọn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ lé mi báyìí, bí wọ́n ti ń lé adìyẹ kúrò nídìí ìlẹ̀kùn. Kò sọ̀rọ̀. Ó ń lé mi padà ṣá."

"Ká ní Bapu ò wúkọ́ ńkọ́?"

Ó gbé tíì rẹ̀, kò mu ún. "Mo ti fi ọwọ́ kan bá ilẹ̀, mo ti fẹ́ fi àyà wọ́ lọ sídìí wáyà. Ó ń lé mi, mo sì ń lọ. Ẹ má bi mí mọ́."

Mi ò bi í mọ́. Kesar ń fi ṣọ́ọ̀kì ya ilé sí ara ògiri. A gbọ́ ẹsẹ̀ ọkùnrin méjì lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ bàtà líle, ẹsẹ̀ ẹni tí kò kánjú. Teju gbé ife sílẹ̀.

"Àwọn tó ń yẹ ìwé wò ní ọjọ́ kejìlélógún ni àwọn ń bọ̀," ló wí. "Òní ṣì jẹ́ ogúnjọ́."

Ó gbé fáìlì rẹ̀ látorí àpótí, ó gbọn eruku táìlì orí rẹ̀ nù, ó sì lọ ṣílẹ̀kùn kí wọ́n tó kàn án.